Ọkùnrin Tí Mo Ń Mú Rìn

Ìbéèrè kan wà tí kì í jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó bá ti ka ọ̀kan nínú àwọn ìwé mi, tàbí tí wọ́n kà á sí i létí, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé níbo ni mo ti rí ìlú yẹn, ìlú tí odò ti ń gun òkè, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi iyọ̀ kọ́lé, tí wọ́n sì ń ká ilé wọn nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní nígbà tí òjò bá ṣú. Àwọn kan rò pé mo lálàá rẹ̀ ni. Katikíìsì ìjọ wa tiẹ̀ wò mí títí, ó ní ṣé kì í ṣe pé nǹkan kan ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ebi ni. Ó bínú lọ.

Kò sí ìyanu kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ọkọ mi ló bí ìlú yẹn, èmi ni mo gbé e pọ̀n.

Ilé wa wà lẹ́yìn òkè ní Atakpamé, lójú ọ̀nà oko. Èmi àti ọkọ mi kò tíì pẹ́ tí a fẹ́ra nígbà tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í na ojú irin lọ sí ìhà àríwá, tí wọ́n ní yóò gba Anié kọjá. Wọn a ní kí baálẹ̀ mú ọkùnrin wá, baálẹ̀ a sì máa ṣa ọkùnrin bí ẹni ń ṣa iṣu lórí àká. Ọkọ mi lọ lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ̀ pẹ̀lú èjìká tó bó àti ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n tún pè é, ó ní òun kò lọ mọ́. Ó ní Góòlù Kóòsì lòun ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ lóko kòkó, pé bí òun bá ti bá wọn kórè tán, òun á padà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tó kúrò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó yí sí mi, ó ní, "Tọ́jú ìyá." Ohun tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kò sọ nǹkan kan nípa èmi fúnra mi. Ó dùn mí nígbà yẹn, ó ṣì ń dùn mí.

Ìkórè kọjá. Òjò dé, ó lọ, ọyẹ́ tún dé. Àwọn tí wọ́n jọ jáde padà wálé, òmíràn pẹ̀lú aṣọ tuntun, òmíràn pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Wọ́n ní àwọn pínyà lọ́nà, àwọn kò mọ oko tó wọ̀. Mi ò tíì bímọ. Bàbá ọkọ mi ti kú kí n tó wọ ilé náà. Ó wá ku èmi àti ìyá rẹ̀, ojú ìyá náà sì ti ń ṣú, ó kàn ń fi ọwọ́ mọ òwú tó ń ran ni. A lè wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ kí ó máà sí ọ̀rọ̀ láàárín wa ju "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá" àti "O ṣé" lọ. Ilé náà dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ ìgbà tí alángbá bá ń kọjá lórí ewé gbígbẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Mo máa gún iyán kíkúnná, mo máa se ọbẹ̀ ewé gbọ̀mà tó fẹ́ràn, á bu òkèlè kan, á mú un dání, á ní, "Ṣé ọmọ mi ti jẹun báyìí?" Ta ló fẹ́ dá a lóhùn? Á gbé òkèlè náà padà sínú àwo. Egungun ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Àwọn aládùúgbò ń wò mí bí ẹni tó ń febi pa arúgbó.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ti ká òwú láti àárọ̀, ẹ̀yìn ń ro mí. Ó tún bèèrè. Mo ní, "Ó ti jẹun, Ìyá."

Ó ní, "Kí ló jẹ?"

Kì í ṣe àánú ló mú mi dáhùn o, ìbínú ni. Mo ní ó ti dé ìlú kan tí odò ibẹ̀ ń gun òkè, pé ẹja ibẹ̀ ń bọ́ láti òkè sórí òrùlé bí odò bá ti gùn ún tán, pé wọ́n kó o yan, wọ́n fún un ní méjì. Mo ń retí kí ó ní kí n lọ jókòó, pé orí mi ti dàrú. Ó ní, "Ẹja òrùlé yẹn, ṣé ó ní iyọ̀?" Mo ní ògiri ilé ni iyọ̀ wọn, pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun á kàn fi ẹja ra ògiri lára. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Àlejò náà ò gbọdọ̀ ra ògiri jù, wọn á lé e." Ó wá bu òkèlè, ó gbé e mì, ó tún bu òmíràn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tó wà lọ́rùn mi. Bí mo bá dákẹ́, ìyá náà kò ní jẹun. Bí mo bá sì parí ìtàn náà, àfi kí n mú ọkùnrin náà wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sí nílé. Tàbí kí n pa á, ta ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ pa ọkọ rẹ̀? Nítorí náà kò gbọdọ̀ parí.

Àwọn tó ń pè mí ní ọlọ́gbọ́n kò mọ ẹni tó kọ́ mi. Ìyá náà kò gba ìranù. Mo ní ọkùnrin náà fò. Ó ní ta ló wá gbé ẹrù rẹ̀? Mo ní ó pàdé òmìrán olórí méje, mo rò pé ẹ̀rù á bà á. Ó ní ẹnu wo ló ń kọ́kọ́ jẹun nínú méjèèje, ṣé àwọn yòókù kì í bínú? Gbogbo òru ni mo fi ronú sí ìjà àwọn ẹnu náà. Nígbà tó yá ni mo rí i pé ìjà yẹn dùn ju òmìrán fúnra rẹ̀ lọ, òun ni mo sì fi kọ odidi ìwé kan lẹ́yìn náà. Ohun àrà tí kò bá ní ilé ìdáná, ẹ má jẹ́ kí ó wọ inú ìtàn yín. Àwọn ènìyàn á yanu sí i, wọn á sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé.

Ọ̀sán ni mo fi ń wá ohun tí màá sọ nírọ̀lẹ́. Mo ń gún iyán, mo ń ronú. Mo ń pọnmi, mo ń ronú. Mi ò lọ jìnnà wá a. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi mú mi dání lọ sí ọjà Notsé, mo rí ògiri àtijọ́ tó ti wó wọnú koríko níbẹ̀, ewúrẹ́ kan dúró lórí rẹ̀. Mo mú ògiri náà, mo jẹ́ kó máa mí, kó máa sún mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ń sùn. Àwọn gáàdì tó ń wá gba owó orí lọ́dọ̀ wa wọ inú ìtàn náà pẹ̀lú. Mo fi wọ́n sí ẹnubodè, mo ní òjìji ènìyàn ni wọ́n ń gbà, pé ẹni tó bá ti san òjìji rẹ̀ tán, oòrùn kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Fèrè ọkọ̀ ojú irin náà, mo bọ́ ara kúrò lára rẹ̀: ohùn lásán ni, á kọjá lọ́jọ́ ọjà, ẹni tó bá gbọ́ ọ á gbàgbé ohun tó wá rà. Ìyá náà ní èyí kì í ṣe àròsọ, pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí òun ní ọjà Anié.

Mo máa ń dá sọ̀rọ̀ lóko. Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin tó ń ká òwú ní ẹ̀gbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé igbá wọn jìnnà sí tèmi, ọ̀kan ní ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé ti ń bá ewé sọ̀rọ̀. Mo gbọ́. Mo ní ewé gbọ́n jù ú lọ. Mi ò ní ọ̀rẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì wù mí kí n ní. Ẹnu mi kì í jẹ́.

Mo tún ṣe ohun kan nínú ìtàn náà. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá la odò ìlú yẹn kọjá gbọ́dọ̀ fi ohun kan sílẹ̀ fún omi, ohun tí ọkùnrin náà sì fi sílẹ̀ ni pé òun níyàwó. Ìyá náà dá ìrànwú rẹ̀ dúró. Ó ní, "Kí ló dé tí o ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ?" Mo ní ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.

Káfíńtà kan wà ní ọgbà mísọ́nnù ìjọ wa tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ènìyàn rere ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹni tó lọ láìránṣẹ́ sílé kì í ṣe ọkọ mọ́. Mo ní ọkọ mi wà lọ́nà. Ìgbà tí mo délé ni mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà Góòlù Kóòsì ni mo ní lọ́kàn. Ọ̀nà tí mo là fúnra mi ni. Mo ti ń kánjú kí oòrùn wọ̀, kì í sì í ṣe nítorí ìyá náà, kí n lè rí ọkùnrin náà ni. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni mo máa ń ní ọkọ. Bí a bá ti kó àwo tán, tí ìyá náà bá ti lọ sùn, màá jókòó sórí ibùsùn, kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, bí ènìyàn bá ń pa àlọ́, ẹni tó ń gbọ́ lè dá a dúró. Á ní, "Ó ṣojú mi lọ́jọ́ náà." Apàlọ́ gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ẹni náà á sọ ohun tó rí, tàbí kó dá orin, ohun tó bá sì sọ ti di ara àlọ́ náà nìyẹn, apàlọ́ kò gbọdọ̀ jà á níyàn, kò sì gbọdọ̀ pè é ní tirẹ̀. Ìyá ọkọ mi fẹ́ràn àṣà yìí púpọ̀. Bí mo bá ní ọkùnrin náà ń gun òkè, á ní, "Ó ṣojú mi," á wá dá orin tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn nígbà tó wà ní kékeré. Ohùn rẹ̀ ti ya. Mo máa ń gbè é títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, a ó sì máa bá ọ̀nà wa lọ.

Ìyá aláṣọ kan wà tó máa ń yà sí ilé wa, mùsùlùmí, ọmọ Yorùbá tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Ó máa ń ra aṣọ láti Góòlù Kóòsì wá tà ní ọjà Atakpamé àti Anié. Aláwàdà ni, ó máa ń pè mí ní ìyàwó òun, á ní bí ọkọ mi kò bá tètè dé, òun á kó mi lọ sílé òun. Ní ọjọ́ kan tí mo ti ọjà Anié bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò tuntun lórí, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà wa, ó fẹ́ máa lọ. Kò ṣàwàdà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run á ràn mí lọ́wọ́. Mo rò pé ọjà rẹ̀ kò tà ni.

Ọdún yípo, ó tún yípo. Ìyá náà dẹni tó ń dùbúlẹ̀. Ọ̀sán kan nígbà ọyẹ́, mo po ògì gbóná fún un, mo gbé e jókòó, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àyà mi. Ó ní, "Pa á fún mi."

Mo ní, "Ìyá, ọ̀sán la wà. Wọ́n ní ẹni tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú." Ìyá tó bí mi ti kú láti ayé àwọn Jámánì, kí àwọn Faransé tó gba ilẹ̀ wa.

Ó ní, "Ìyá wo lo tún ní? Èmi nìyí, mo sì ti múra. Pa á."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà ti dé ẹnubodè àwọn agbòjìji. Wọ́n ní kó san. Ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun san ìdajì, kí òun lè fi ìyókù mọ ara òun. Mo ń ronú bí màá ṣe gba ẹ̀bùrú mú un kọjá nígbà tí ìyá náà gbé ọwọ́ sókè.

"Ó ṣojú mi," ó ní.

Mo dákẹ́, mo ń retí orin. Kò kọrin.

Ó ní, "Ó dé oko kòkó kan. Wọ́n ń gé igi ńlá kí wọ́n lè gbin kòkó sí i, igi náà wó lù ú. Kò pẹ́ púpọ̀ kí ó tó kú. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sin ín sábẹ́ igi kòkó níbẹ̀. Wọ́n gé irun rẹ̀, wọ́n gé èékánná rẹ̀, wọ́n di irun àti èékánná náà sínú aṣọ funfun, wọ́n wá ẹni tó ń bọ̀ lápá ibí. Ìyá aláṣọ ló gbé e wá fún mi. Òun ló bá mi gbẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìnkùlé, níbi tí o máa ń sá òwú sí. O ti lọ sí Anié lọ́jọ́ náà. O ra ìkòkò bọ̀."

Mo gbé e dùbúlẹ̀. Mo dìde. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé náà, mi ò pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi rí, mo sì pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ẹ mọ̀! Ẹ mọ̀, ẹ sì jókòó níbẹ̀, ẹ ń bi mí ohun tó jẹ!"

Kò bínú. Ó ní, "Lẹ́yìn tí mo sin ín, kò sí ẹni tó ń mú un rìn mọ́ láyé àfi ìwọ. Ọmọ mi ń gun òkè, ó ń jẹ ẹja, ó ń bá àwọn ènìyàn ṣe àròyé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé kí o dákẹ́?"

Mo ní, "Kí ló wá dé lónìí?"

"Mo ń lọ ni. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù lọ. Tèmi ti kú, mo mọ ibi tó wà. Tìrẹ ló ṣì nù. Mi ò lè kú kí n fi ẹni tó nù sílẹ̀ fún ọ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ń wá orí mi títí ó fi rí i. Ìgbà náà ni a tó jọ sunkún. Ó ti sun tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, lóun nìkan, bí mo bá lọ sóko; èmi náà ti sun tèmi nínú yàrá mi, mo ń fi aṣọ dínu kí ó má baà gbọ́. Kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì sunkún rí nínú ilé yẹn títí di ọ̀sán ọjọ́ náà.

A kéde ikú ọkọ mi, a ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo kó òwú mi kúrò lẹ́yìnkùlé. Ìyá náà kò rí òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn. A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ àwọn irun àti èékánná náà, àwọn ẹbí jẹ, wọ́n mu, wọ́n túká. Káfíńtà tí mo sọ fún pé ọkọ mi wà lọ́nà ti gbé ìyàwó láti ìlú Moretan. Mo kí wọn kú oríire, mi ò sì purọ́, ó wù mí kó dára fún wọn. Ṣùgbọ́n mo sunkún délé.

Oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ló burú jù. Màá se é tán, ẹnu á máa yún mi, kò sí ẹni tó máa bi mí ní nǹkan kan. Àwọn sísítà ìjọ ti kọ́ mi ní ìwé ní èdè Ewé, èdè àwọn ará etíkun, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí àwọn Faransé tó dé tí wọ́n fi èdè tiwọn rọ́pò gbogbo rẹ̀. Mo fi álífábẹ́ẹ̀tì Ewé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èdè wa, lórí bébà tí wọ́n fi ń di ọṣẹ. Ọwọ́ mi wúwo, lẹ́tà mi wọ́. Bí mo bá kọ gbólóhùn kan, màá kà á sókè, màá dúró díẹ̀, màá wá bi ara mi ní ohun tí ìyá náà ìbá bèèrè. Bí mi ò bá rí i dáhùn, màá pa gbólóhùn náà rẹ́. Bí mo ṣe ń kọ̀wé títí dòní nìyẹn. Ìwé kìíní parí lẹ́nu odò, ẹ̀kejì parí nínú ògiri tó ń mí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, ọkùnrin náà sì wà lọ́nà nínú gbogbo wọn.

Ojú mi náà ti ń ṣú báyìí, àwọn tó ń kàwé mi sì fẹ́ kí n parí rẹ̀. Mo mọ ìparí rẹ̀. Ìyá náà ló ni í, òun ló sọ pé ó ṣojú òun, èmi apàlọ́ kò sì lè jà á níyàn. Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ bó ṣe wí. Mo máa ń kọ igi náà, mo máa ń kọ bó ṣe wó, mo máa ń kọ ọ́ débi tí ọkọ mi ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ kòkó, ọwọ́ mi á sì gbé e dìde.